Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kọ iṣẹ́ lẹ́yìn ráàmù àti SSD tuntun: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a

Ẹ ra ráàmù (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ẹ ra SSD (dísìkì tó yára ju háàdì dísìkì lọ), ẹ tú kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi méjèèjì sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Fáànù ń yí, iná iwájú ń tàn, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Tàbí kó tàn, kó máa sọ pé òun ò rí dísìkì kankan. Tàbí kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, kó kàn kú lójijì.

Orí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: HP Compaq Elite 8300 àti Dell OptiPlex 7010 ti ọdún 2012, irú èyí tí ẹ ó bá ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà káàkiri Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a fi ráàmù kún ti ẹ̀rọ rẹ̀ kan, mo sì fi SSD rọ́pò háàdì dísìkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Kò tàn. Mo fura sí ráàmù, mo tì í dáadáa, mọ́nítọ̀ tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò rí dísìkì. Mo tún di ẹ̀bi ru ráàmù, mo yọ ọ́, mo dá a padà láì tì í dé ibi tó yẹ, òkùnkùn tún dé. Ó lé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ká tó ti ilẹ̀kùn. Àléébù méjì ló wà níbẹ̀: ráàmù tí kò wọlé tán, àti okùn SATA, èyí tó so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ, tí ọwọ́ mi gbá yọ. Bí mo bá ti tún ọ̀kan ṣe, èkejì á yọjú, èmi á sì rò pé ti àkọ́kọ́ náà ni.

Látìgbà náà, n kì í fi nǹkan tuntun méjì sí ẹ̀rọ kan pa pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ti ṣe é, ọ̀nà àbáyọ nìyí.

Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ sì yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìwọ̀nba iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán. Ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́) ló ní iná wínńwín kan tí kì í kú níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń wọlé. Kó kú kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà kí ẹ tó mú ráàmù. Nígbà ọyẹ́, tí aṣọ máa ń ta pàràpàrà lára wa bí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́, ohun tó ń ta yẹn lè pa ráàmù láì jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ yọ ráàmù tuntun, ẹ yọ SSD. Ẹ dá ráàmù àtijọ́ padà sínú ihò tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ so háàdì dísìkì àtijọ́ mọ́ okùn rẹ̀. Ẹni tó ti ya fọ́tò inú àpótí kó tó tú u máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ níbí. Ẹ tàn án.

Bó bá ṣiṣẹ́, ara ẹ̀rọ yín le, ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ọjà tuntun tàbí bí ẹ ṣe fi í sí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ti ṣí nǹkan mìíràn nídìí nínú àpótí náà (àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU, bẹ́ẹ̀ CPU gan-an, ọpọlọ ẹ̀rọ, kò ju bisikíìtì kan lọ). Ẹ ti gbogbo okùn iná tó wọ mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan sí i, pàápàá èyí kékeré tó wà nítòsí CPU, tí ènìyàn kì í rí. Bí káàdì àwòrán bá wà, ẹ tì í, kí ẹ sì rí i pé ara rẹ̀ ni okùn mọ́nítọ̀ wà, kì í ṣe ara mọ́dábọ́ọ̀dù.

Bátìrì tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tó ti da orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni. Bátìrì róbótó kan wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, CR2032 lorúkọ rẹ̀, irú èyí tó ń wọ rìmóòtù mọ́tò. Òun ló ń jẹ́ kí BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, rántí aago àti ètò rẹ̀ nígbà tí kò sí iná. Nínú ẹ̀rọ ọdún 2012 tí wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kó ti kú. Ẹ ò mọ̀ pé ó ti kú nítorí okùn ẹ̀rọ kì í kúrò lára ògiri tàbí UPS. Ọjọ́ tí ẹ yọ okùn láti fi ráàmù sí i ni BIOS gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀.

Ohun tó gbàgbé tó sì ń dunni jù ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀: AHCI, IDE tàbí RAID. Lórí ọ̀pọ̀ Dell, RAID On ni ilé iṣẹ́ ti tò ó sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ AHCI ni ẹni tó fi Windows sí i lò, tí bátìrì wá kú, ẹ̀rọ á padà sí RAID, Windows á gbéra díẹ̀, ojú mọ́nítọ̀ á di búlúù, ẹ ó rí INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE tàbí 0x0000007B. Ẹ ó máa bú SSD, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí aago ẹ̀rọ bá ti padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ẹ tú u, ẹ fi bátìrì tuntun sí i ná. Ẹ wọ BIOS, F10 lórí HP, F2 lórí Dell, ẹ wo SATA Operation tàbí SATA Emulation, ẹ gbé e sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ gbìyànjú AHCI, bí búlúù bá tún dé, ẹ dán ìyókù wò. Yíyí i padà kò ba fáìlì kankan jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a lórí RAID tí dísìkì méjì sì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ráàmù ni kó kọ́kọ́ wọlé

Ẹ fi SSD sílẹ̀ ná. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ráàmù. HP àti Dell tí mo dárúkọ lókè, DDR3 ni wọ́n ń lò, eyín 240. DDR4 àti DDR5 ní 288, gé tó wà láàárín eyín wọn kò sì sí lójú kan náà, nítorí náà ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì. Bó bá dà bíi pé túláàsì lẹ fẹ́ fi tì í, ẹ dúró, ẹ tún ojú rẹ̀ wò.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ ni ráàmù sáfà. DDR3 ti sáfà náà ní eyín 240, á wọ ihò wẹ́kú, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà ni kí ẹ wò: PC3-12800U ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, PC3-12800R ni ti sáfà. R máa ń dín lówó lọ́jà, ìdí tó fi ń tan ènìyàn jẹ sì nìyẹn. Ẹ tún ṣọ́ra fún DDR3 tí wọ́n kọ 2Rx4 sí lára, tàbí èyí tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ pè ní ti AMD. Ẹ̀rọ Intel bíi méjì wọ̀nyí kì í gbà á. Wọn kì í sì í gba DDR3 16GB nínú ihò kan. 8GB ni òpin ihò kọ̀ọ̀kan, bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, 32GB ni gbogbo rẹ̀. Èmi kì í sanwó ráàmù láì jẹ́ pé ọlọ́jà gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ irú tó yẹ:

1. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú ráàmù tuntun, ẹ yọ gbogbo ìyókù.
2. Ẹ ṣí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn, apá kan ṣoṣo ló ń ṣí.
3. Ẹ fi gé ara ráàmù bá ibi tó yọ sókè nínú ihò mu.
4. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ orí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí ìkọ́ yóò fi ké “kà” tó sì padà dúró fúnra rẹ̀. Àánú ni kì í jẹ́ kí ráàmù wọlé tán. Ó máa ń gba agbára ju bí ẹ ṣe rò lọ.
5. Ẹ so okùn iná padà, ẹ tàn án, kí ẹ sì ní sùúrù. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ DDR5 ni tiyín, ó lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú mélòó kan nínú òkùnkùn nígbà àkọ́kọ́ nítorí ó ń kọ́ ìwà ráàmù náà. Àwọn kan ti pa á láàárín kan, wọ́n ti gbé e lọ fún ẹnjiníà.

Bí òkùnkùn kò bá kúrò, ẹ tẹ́tí, kí ẹ sì wo iná bọ́tìnnì. HP ìgbà yẹn á ṣẹ́ iná pupa lẹ́ẹ̀márùn-ún, á dákẹ́, á tún un ṣe, pẹ̀lú ìró márùn-ún: ráàmù ló ń fi sùn. Dell tó jẹ́ tuntun ju 7010 yẹn lọ máa ń lo iná ọsàn àti iná funfun: ọsàn méjì àti funfun mẹ́ta, òun kò rí ráàmù, ọsàn méjì àti funfun mẹ́rin, ráàmù ti bàjẹ́, ọsàn méjì àti funfun márùn-ún, kì í ṣe irú tí òun ń lò.

Ẹ mú írésà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́, ẹ rọra fi nu eyín aláwọ̀ wúrà ráàmù náà níhà méjèèjì, ẹ fẹ́ ẹrùpẹ̀ rẹ̀ dànù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ inú ihò, itọ́ á wọ ibẹ̀. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó mọ́ tó sì gbẹ dára ju ẹnu lọ. Ẹ dán ráàmù náà wò nínú ihò mìíràn. Ẹyọ ráàmù tó kọ̀ nínú gbogbo ihò ti kú. Ihò tó kọ gbogbo ráàmù, ihò náà ló kú, ẹ lè máa lo ìyókù.

Nígbà tí ẹyọ kan bá ti ṣiṣẹ́, ẹ wá fi èkejì kún un. Kò pọn dandan kí méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n èyí tó yára á fà sẹ́yìn dé ibi tí èyí tó lọ́ra wà: 1600 àti 1333 pa pọ̀, 1333 ni wọ́n máa sá.

Ó tàn, ṣùgbọ́n ráàmù kò pé

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Bí BIOS bá ka 8GB tí Windows sì ń sọ 3GB àti díẹ̀ péré, Windows 32-bit ni wọ́n fi sí i, kò sì lè lo ju 4GB lọ. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí ẹ fi 64-bit sí i. Bó bá jẹ́ 64-bit tí kò sì pé, ẹ wá msconfig nínú Start, ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Boot, Advanced options, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Maximum memory. Bó bá kọ 7.8GB usable, ẹ má dà á láàmú, ẹ̀yà àwòrán ló mú díẹ̀.

Ráàmù tó pé lè jẹ́ aláìsàn. Àmì rẹ̀ ni kí fáìlì máa bàjẹ́, kí ojú búlúù máa dé pẹ̀lú orúkọ tó ń yàtọ̀ lójoojúmọ́, kí Chrome kàn máa pa ara rẹ̀ dé. Ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán ráàmù wò, sórí fúláàṣì, ẹ gbé ẹ̀rọ dìde láti orí rẹ̀, F9 lórí HP, F12 lórí Dell, ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, bí iná bá wà. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó bá gbé jáde ti pọ̀ jù. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kékeré ni.

Ó wá kan SSD

Ìbéèrè kan ló ń pín ọ̀rọ̀ sí méjì: ṣé BIOS rí i?

Bí BIOS kò bá rí i, ọ̀rọ̀ okùn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Okùn méjì ló ń wọ SSD SATA, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìsọfúnni àti èyí tó fẹ̀ fún iná. Ẹ lo okùn tí háàdì dísìkì àtijọ́ ń lò, ẹ ti mọ̀ pé ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Okùn tuntun olówó pọ́ọ́kú ti tàn mí jẹ rí. Ihò tí ẹ so ó mọ́ náà ṣe pàtàkì: lórí Q77, ẹ̀yà tó ń darí àwọn ihò SATA nínú 8300 àti 7010, ihò 0 àti 1 nìkan ló ń sá eré 6Gb/s, ìyókù jẹ́ 3Gb/s. SSD á ṣiṣẹ́ níbikíbi, ṣùgbọ́n bíi ìdajì eré rẹ̀ ni ẹ máa rí nínú àwọn ihò tó lọ́ra. Kódà ìdajì yẹn ju háàdì dísìkì lọ fíìfíì.

Bó bá jẹ́ M.2 lẹ rà (SSD pẹlẹbẹ tó ń wọ mọ́dábọ́ọ̀dù tààrà láìsí okùn), ẹ wò ó bóyá SATA ni àbí NVMe, irú tó yára jù ú lọ. Ihò kan lè gba ọ̀kan kó kọ èkejì, bẹ́ẹ̀ ara wọn jọra bí ìbejì. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn, ẹ fi M.2 sí i, ihò SATA kan tàbí méjì á kú, háàdì dísìkì yín á dàwátì. Kò bàjẹ́, ẹ gbé e lọ sí ihò SATA mìíràn. Ẹ̀rọ ọdún 2012 kò ní ihò M.2. Ẹni tó bá fi NVMe sórí káàdì PCIe (káàdì tó ń wọ ihò mọ́dábọ́ọ̀dù bíi ti àwòrán) níbẹ̀ lè kó fáìlì sí i, ṣùgbọ́n BIOS rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra láti orí rẹ̀. Ẹ ra SATA, kí ẹ sinmi.

Bí BIOS bá rí i, tí Windows kò sì fi hàn nínú This PC, SSD tuntun kò tíì ní ìpín kankan ni. Ẹ ṣí diskmgmt.msc. Á bi yín bóyá kó jẹ́ MBR tàbí GPT, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín dísìkì. Ẹ mú GPT. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Unallocated sí pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún eku, ẹ yan New Simple Volume. Ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ dá a mọ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹnìkan ti pa iṣẹ́ ọdún méjì rẹ́ lójú mi nítorí ó rò pé Disk 0 ni tuntun.

Bí BIOS bá rí i tí ẹ̀rọ kò sì gbéra láti orí rẹ̀, ẹ bi ara yín: kí ló wà lórí rẹ̀? SSD tó ti inú páálí jáde ṣófo ni. Ó di dandan kí ẹ fi Windows sí i lákọ̀tun, tàbí kí ẹ fi Clonezilla tàbí irú rẹ̀ da ti àtijọ́ kọ sórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ lákọ̀tun, ẹ rántí pé Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ̀rọ Intel ìran kẹta kò sì sí nínú àwọn tí Windows 11 gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, báyìí fún ìtẹ̀wé, oníbàárà kankan ò tíì bèèrè.

Bó bá jẹ́ pé ẹ dà á kọ ni, ẹ yọ háàdì dísìkì àtijọ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́. Ìbejì méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé kan á da Windows lójú rú. Ẹ wọ BIOS, ẹ gbé SSD sókè nínú Boot Order. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ wo UEFI àti Legacy, ọ̀nà tuntun àti ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ ń gbà gbéra: dísìkì tó jẹ́ MBR ń fẹ́ Legacy, èyí tó jẹ́ GPT ń fẹ́ UEFI. Bí ó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì), nọ́ńbà 48 ni, ó sì máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó tò ó. Ìgbà tó dára láti rò ó ni kí ẹ tó tú ẹ̀rọ: ẹ tẹ Suspend nínú BitLocker ná.

Ìwọ̀n tó dín

SSD 480GB á kọ 447GB. 1TB á kọ 931GB. Ẹnikẹ́ni kò jí i: MB 1000 ni àwọn tó ń ṣe é ń kà sí GB kan, 1024 ni Windows ń kà. Bó bá jẹ́ pé SSD 480GB yín kọ ìwọ̀n háàdì dísìkì àtijọ́ lẹ́yìn tí ẹ dà á kọ, ìyókù ń bẹ nínú diskmgmt.msc bíi Unallocated. Bí Extend Volume kò bá ṣeé tẹ̀, ìpín Recovery kékeré kan ló jókòó láàárín C àti àyè náà. GParted lórí fúláàṣì á sún un sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n èyí tó kọ 2TB tí owó rẹ̀ kò tó ti 240GB, ẹ fi H2testw, ètò tó ń wọn àyè gidi, yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ tó kó nǹkan sí i. Ayédèrú á gba fáìlì yín pẹ̀lú ẹ̀rín, á dé ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé àtijọ́ lórí.

Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kú

Ráàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí. Ẹ lo MemTest86 bí ẹ kò bá tíì lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń ka ìlera dísìkì, ẹ wo ìlà C7, CRC Error Count, iye ìgbà tí ìsọfúnni bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń gòkè lójoojúmọ́, okùn SATA ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe SSD. Ẹ má tètè bá páwà sọ́púláì jà: SSD àti ráàmù méjèèjì kì í jẹ iná tó nǹkan, háàdì dísìkì tí ẹ yọ ń jẹ jù wọ́n lọ. Ẹ wò ó bóyá okùn kan fara kan fáànù CPU. Mo ti rí èyí tó ń gbóná tó ń kú nítorí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dá fáànù dúró.

Háàdì dísìkì àtijọ́ náà, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ sára rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọmọdé kò lè dé.